Ibodè Àyà Ikúmápàyí

Aṣọ tí wọ́n fi bo awò tí ń fi inú àyà ènìyàn hàn ló já bọ́. Bí kò bá já bọ́ ni, ọjọ́ náà ì bá lọ bí gbogbo ọjọ́ ti ń lọ nínú Ilé Ìtútù, ọkọ̀ ìgbẹ̀yìn ì bá dé lọ́sàn-án, wọn ì bá gbé Ikúmápàyí fún òkun, kí oníkálukú sì máa nu ojú rẹ̀ lọ sílé.

Atẹ́gùn ló gba ojú fèrèsé wọlé tó ṣí aṣọ náà dànù, gẹ́lẹ́ bí ìyá ọkọ Àìná, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìye, ṣe gbé igbá omi sókè lórí ojú ọmọ rẹ̀. Àìná sáré nawọ́ sí aṣọ náà. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa wo inú àyà ẹni tó sùn nígbà tí ẹbí rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀. Òfin yìí ti wà kí wọ́n tó bí Àìná, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀ rí, nítorí lójú àwọn ará Orí-Òpó, ẹni tó bá ń béèrè ìdí ọmọlúàbí, ọmọlúàbí ti kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú yá ju ọwọ́ lọ. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan aṣọ, ojú rẹ̀ ti kan awò.

"Ẹni tó da omi síwájú," ni Ìye wí.

"Á tẹlẹ̀ tútù," ni àwọn obìnrin tó dúró ti ọpọ́n yòókù dá a lóhùn.

Omi náà kán sí iwájú orí Ikúmápàyí, ó ṣàn gba àárín ojú rẹ̀ méjèèjì, ó wọ ihò imú. Nínú awò, Àìná rí ọ̀nà pupa tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó nípọn tó ìka ọmọdé. Bí omi ti kan imú, ọ̀nà náà fún, ó di okùn, ó di òwú, ó sì pa rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó ṣẹ́rí padà sínú ara.

"Kí ló dé tí o dúró bí òpó?" ni Ìye bi í. "Bo nǹkan yẹn, jàre."

Àìná bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aṣọ náà yọ̀ bọ́ kí ó tó dúró.

Iṣẹ́ tí Àìná ń ṣe lójúmọ́ ni iṣẹ́ oníbodè. Orí àtẹ̀gùn etí omi ló máa ń jókòó sí, níbi tí àwọn awẹ̀dò ti ń gòkè bọ̀ láti Èkó àtijọ́ tí omi ti bò mọ́lẹ̀, pẹ̀lú wáyà bàbà tí wọ́n lọ wú tà, tí wọ́n wé mọ́ ọrùn. Kò sí ará Orí-Òpó tí kò ní ibodè láyà, iṣan tó ń ti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa bí èèyàn bá wọ abẹ́ omi. Nígbà ìkómọ, wọ́n á fi ojú ọmọ tuntun kan omi, wọ́n á gbé etí lé e láyà, bí ọkàn rẹ̀ bá ti falẹ̀, ìyá àti bàbá á pariwo ayọ̀ pé ọmọ àwọn yóò jẹun. Àwọn ará òkè ń pè wọ́n ní ọmọ ahun, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwọn náà á ní ó sàn kí èèyàn jẹ́ ọmọ ahun lórí omi ju kí ó jẹ́ ọmọ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀.

Òótọ́ sì ni. Lára ahun àti kọ̀ǹkọ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú un, nígbà tí omi kọ́kọ́ gbé etíkun mì. Arábìnrin tó kọ́ Àìná níṣẹ́ kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ahun tó rì," á wí, "ìmí ti tán nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí ni ẹ̀jẹ̀ ń wá lọ síbẹ̀? Ta ní ń lọ sí ọjà tí a kò ná? Iṣan á fún ẹnu ọ̀nà pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa yí nínú ara, títí ahun á fi yọrí sókè." Bí awẹ̀dò bá yọrí, tó fa ìmí àkọ́kọ́, ibodè á ṣí fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣí, oníbodè á gún un ní omi ewé apíkán, ewé tó ń mú èèyàn sínwín, nítorí apíkán ló mọ bí a ti ń dá iṣan náà lọ́wọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin gbà. Gígún ẹlẹ́ẹ̀kejì a máa pani.

Bí apíkán kò bá ṣe é, ó di Ilé Ìtútù. Wọ́n á tẹ́ ẹni náà sínú ọpọ́n omi tútù, wọ́n á gbé orí rẹ̀ lé ìrọ̀rí igi kí ojú má bàa rì. Kò ní mí. Awọ ara rẹ̀ ni yóò máa mu afẹ́fẹ́ inú omi díẹ̀díẹ̀, bí kọ̀ǹkọ̀ ti ń ṣe nínú ẹrẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù bí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ tó tún rántí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹbí á wá da omi sí i lójú kí ọ̀nà rẹ̀ lè tutù. Bí ìgbì bá yí padà nígbà òjò tí kò sì tíì mí, ó ti kú lójú òfin. Ọkọ̀ ìgbẹ̀yìn á wá gbé e.

Òní ni ìgbì yí padà.

Nígbà tí Ìye lọ sílé láti lọ jẹun, Àìná fà sẹ́yìn. Ó ṣí aṣọ lójú awò, ó sì pa ẹnu mọ́, nítorí bí kò bá ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tíì rú òfin. Oníbodè ló ń ṣe, kì í ṣe ìyàwó. Báyẹn ni a ti ń tan ara wa jẹ nígbà tí ojú bá pọ́n wa. Ó jókòó, ó ń wò.

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan. Ojú Ikúmápàyí gbẹ. Ọkùnrin gìrìpá tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jí àwọn ará ilé kejì ni, ó wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹja tí wọ́n rẹ sómi. Oòrùn wọlé ó kan ọpọ́n. Lẹ́yìn náà ni òwú pupa kan yọ nínú awò. Àìná rò pé ojú òun ló ń ṣe é. Òwú náà nípọn sí i. Ọkàn Ikúmápàyí lù, òwú náà sì di okùn.

Ó ń ṣí. Kò sí ẹni tó gún un, kò sí ẹni tó pè é. Ibodè náà ń ṣí fúnra rẹ̀, bóyá lójoojúmọ́ ló ti ń gbìyànjú, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbé igbá omi dé.

Ìgbà náà ló wá rántí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ gòkè tí kò mí. Òun fúnra rẹ̀ ló gún un ní apíkán. Ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ tí ọ̀nà pupa là, tí ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì pọ́n bí ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Ó kígbe ayọ̀. Ìye sáré gbé igbá, pé kí wọ́n fi omi dúpẹ́ ná, wọ́n bo awò bó ti yẹ, wọ́n da omi. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, ibodè ti pa dé. Gbogbo ènìyàn ní oògùn kò bá a lára mu. Àìná náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ó tún rántí àlejò kan tó ti òkè wá, tó gbé ọmọbìnrin Orí-Òpó níyàwó tí ìyàwó sì kú. Wọ́n gbà á láyè, wọ́n ṣe ibodè sí i láyà, ó ń wẹ̀dò bí onílé. Ó sùn lọ́dún kan. Kò ní ẹnì kankan tí yóò wá da omi sí i lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá a ní ìjókòó nínú ọpọ́n, ó ń wúkọ́. Wọ́n pariwo àkúdàáyà, wọ́n sọ ọ́ ní ìgbálẹ̀ lé e jáde nílùú. Ẹni tí kò ní ẹni ló jí. Kò sí ẹni tó rò ó wò.

Ìrántí kẹta ni Àìná kò fẹ́. Ó tì í, kò tì. Ìyá tirẹ̀ náà sùn nínú ilé yìí, nígbà tí Àìná ṣì jẹ́ wúńdíá. Kò sí ẹni tó tọ́jú ìyá bí Àìná ti tọ́jú tirẹ̀. Àwọn mìíràn á da omi ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Àìná á tún yà bí ó bá ti ń kọjá, á ní kí òun tún kí ìyá òun. Ìlú yìn ín. Wọ́n ní ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èèyàn bí. Ó gbọ́ ìró omi náà báyìí, tó, tó, lórí ojú ìyá rẹ̀.

"Oníbodè, ẹ kú ìdúró o."

Láṣebìkan ni, alábòójútó ilé. Aṣọ funfun wà léjìká rẹ̀. Òun ló ń so ó mọ́ ọpọ́n àwọn tí ọkọ̀ yóò gbé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ojú rẹ̀ sì ti dá sí ẹkún.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Àìná wí. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹbí kan kò bá da omi ọ̀sán òní ńkọ́?"

"Ẹ̀hẹ́n! Aláìlẹ́bí nìyẹn. Aláìlẹ́bí ni ọkọ̀ kọ́kọ́ ń gbé. Kí ló dé?"

"Mò ń béèrè ni. Bí ó bá wá mí kí wọ́n tó gbé e?"

Láṣebìkan so aṣọ funfun náà, ó fà á le. "Ìmí kan péré. Bí mo bá fi etí ara mi gbọ́ ọ, mo tú aṣọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà níbí, ẹ wò ó, Oníbodè, ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú. Ìye ló ni ọ̀rọ̀ níhìn-ín, òun ni ìyá. Bí ó bá ti dà á, gbogbo rẹ̀ parí ní ìrọ̀rùn." Ó kọjá sí ọpọ́n kejì, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin kan ti dúró ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì so aṣọ mọ́ ìyẹn náà.

Ìye padà dé. Ó ti wọ aṣọ tó dára jù lára aṣọ rẹ̀. Igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi kún un dé ẹnu.

"Àìná, sún mọ́bí kí a jọ dágbére fún un."

"Ìye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi yẹn."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ má dà á sí i lójú mọ́. Omi yẹn ló ń ti ibodè rẹ̀."

Ìye wò ó bí a ti ń wo ọmọ tí ibà mú. "Ibodè tó ti pa dé láti ọjọ́ tó gòkè, ta ló tún ń tì í? Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Ó dun èmi náà. Yàgò fún mi."

Àìná kò yàgò. Ó gbá aṣọ kúrò lójú awò, níwájú ìyá, níwájú ẹbí gbogbo. Àwọn obìnrin ké "Háà!" Àwọn mìíràn fi ọwọ́ bo ojú.

"Bò ó! Bò ó kíá, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé orí rẹ pé?"

"N kò ní bò ó, Ìye. Ẹ wò ó. Ọ̀nà pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí ẹ da omi sí i, mo rí i tó pa dé. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti gbẹ ló ti ń ṣí. Bí omi bá ti kan imú rẹ̀, ara rẹ̀ á rò pé òun tún ti rì." Ohùn rẹ̀ já. "Ìye, àwa la ń rì í."

Ìye wo awò náà. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa wo inú àyà ènìyàn. Ó wò ó pẹ́. Igbá kò mì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

Àìná gbójú kúrò lára awò, ó wò ó.

"Bàbá rẹ̀ sùn nínú ilé yìí. Èmi ni mo ń da omi sí i lójú. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á ṣe, n kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbà á ṣe. Àní ọjọ́ tí ọkọ̀ wá, mo tún dà á ní àdàkún. Ṣé ohun tí o ń sọ fún mi nìyẹn?"

Irọ́ wà lẹ́nu Àìná. Irọ́ tó dára ni, tó rọ̀: pé ti bàbá yàtọ̀, pé ara àgbà kì í ṣe ara ọmọdé. Ìye ì bá gbà á, ì bá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ yóò gbé igbá rẹ̀ sókè.

"Èmi náà dà á sí ìyá mi lójú," ni Àìná wí.

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ìyá ọkọ, kò sí ìyàwó ilé mọ́ láàárín wọn. Àwọn obìnrin méjì tó jọ ṣe nǹkan kan náà ni.

"Bí mo bá gbà ọ́ gbọ́," ni Ìye wí, "èmi ni mo pa ọkọ mi. Bí n kò bá gbà ọ́ gbọ́, òkun ló pa á. Mo ti bá òkun ṣọ̀tá pẹ́, Àìná. Ó ti mọ́ mi lára."

Ó gbé igbá náà sókè. Àìná kò di í mú. A kì í di ìyá mú lórí ọmọ rẹ̀, bí ó bá sì di í mú, Láṣebìkan ni yóò gba Ìye sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òfin á wá tẹ̀lé e.

"Ìye, ṣé ẹ ti dà á?" Láṣebìkan ti padà dé, àwọn agbọ́kọ̀ mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Bí ẹ kò bá dà á, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Aláìlẹ́bí ni n ó kéde rẹ̀."

"Aláìlẹ́bí?" Ìye yíjú sí i. "Ta ló ń pè é ní aláìlẹ́bí? Ìyá rẹ̀ rèé. Ìyàwó rẹ̀ rèé."

"Ẹ dà á nígbà náà, Ìye. Ẹ dákun."

Ìye wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó gbé igbá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, gèlè olówó iyebíye, ó sì fi nu iwájú orí Ikúmápàyí. Ó nu ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ṣẹ́ etí gèlè náà pọ̀, ó fi nu ihò imú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń nu imú ọmọ ọwọ́.

"Èyí ni mo ṣe," ló wí. "Kéde ohun tó bá wù ọ́."

Láṣebìkan mí kanlẹ̀. Ó yí ojú sí àwọn agbọ́kọ̀, ó mi orí. Wọ́n di ọpọ́n mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé e. Omi inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń lá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ikúmápàyí, Àìná sì kígbe, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ orí rẹ̀, ó gbé e sókè kúrò lójú omi. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń lọ, àwọn agbọ́kọ̀ ń rìn, Àìná ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn tẹ̀lé wọn pẹ̀lú orí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, Ìye ń nu ojú rẹ̀, ó ń nu ún. Awò ti wà lẹ́yìn. Kò sí ohun tó lè sọ fún wọn mọ́ bóyá ọ̀nà ń là tàbí ó ń pa dé.

Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn. Oòrùn ọ̀sán bà lé ojú Ikúmápàyí gbígbẹ.

Ìró kan jáde bí ẹni ya aṣọ. Àyà rẹ̀ gbéra sókè, ó ga, ó ga jù, ó sì wálẹ̀. Àwọn agbọ́kọ̀ já ọpọ́n sílẹ̀. Ó tún gbéra.

"Àkúdàáyà!" ni ẹnì kan ké. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà sá gba ẹ̀yìnkùlé, igbá ń fọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Láṣebìkan kò sá. Ó dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó gbọ́ ìmí kejì, ó gbọ́ ìkẹta, ó wá tẹ̀ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ funfun náà. Kókó rẹ̀ le. Ó fi eyín tú u.

Àìná ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ń ṣàn. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé àyà. Ikúmápàyí wúkọ́ títí omi fi tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó la ojú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

"Ìye."

"Ọmọ mi. Ọmọ mi. Káàbọ̀, ọkọ mi," ni Ìye wí.

"Mò ń pè yín," ni Ikúmápàyí wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó há. "Ẹ ò gbọ́. Mo ní kí ẹ má da omi yẹn. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ ọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àìná.

"O ń gbọ́ wa?" ni Ìye bi í.

"Gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, mo gbọ́ ẹkún Àìná. Mo gbọ́ tí ọ̀gá yẹn so aṣọ. N kò kàn lè mí ni."

Ìye kúnlẹ̀ síbẹ̀, gèlè tútù ní ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn tí ọkọ̀ ń gbé ńkọ́?" ló wí. "Bí wọ́n bá ń gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá dé ojú òkun."

Ikúmápàyí wo ìyá rẹ̀, ó sì yí ojú sí àyà ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn, nínú ilé tó ti ṣófo, ohùn kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà ní ọpọ́n kejì kò bá wọn sá. Òní náà ni wọn yóò gbé ọmọ tirẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ náà lọ láìní ẹbí. Ó ti gbé igbá rẹ̀.

Ìye dìde. Kò sáré, eékún rẹ̀ kò jẹ́. Ó rìn padà la àárín ilé kọjá lórí igbá tó fọ́, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú òfuurufú.

"Ìye, ẹ fi mí sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. Inú bí i, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn ọmọ mi."

"Mo mọ̀," ni Ìye wí. Kò ju ọwọ́ náà sílẹ̀.